Nígbà Tí Màámi Padà sí Kumasi

Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú mi lọ́jọ́ tí Bàbá pe àwa ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí pálọ̀ ilé wọn ní Ọ̀ffà, tí wọ́n sì ka lẹ́tà kan sí wa létí. Ìjọ ti yan àwọn àti Màámi láti lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, fún oṣù 18. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 66 nígbà náà, Màámi jẹ́ ẹni 62. Nígbà tí Bàbá kà á tán, tí wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ikùn mi ni gbogbo ilé ń wò.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn, oyún mi àkọ́kọ́ sì nìyẹn, lẹ́yìn ọdún márùn-ún nílé ọkọ. Ẹni tó bá ti fojú sọ́nà fún ọmọ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń rí lójú ọkàn mi: Màámi lórí àpótí kékeré nínú ilé ìwẹ̀ mi ní Táńkẹ̀, tí wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n tẹ́ ọmọ mi sórí ojúgun, tí wọ́n ń bomi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, tí wọ́n ń nà án, tí wọ́n ń kì í. N kò ronú orúkọ ọmọ rárá. N kò ronú aṣọ. Ìwẹ̀ yẹn ni mò ń rí.

Ní ilẹ̀ wa, bí arúgbó bá máa rìnrìn àjò, ọmọ ló ń lọ bá. Ọmọ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, Ìyá gba físà, wọ́n di èlùbọ́ àti egbòogi sínú báàgì, wọ́n lọ wẹ ọmọ. Bí Bàbá bá tẹ̀lé wọn, kí dókítà ọ̀hún lè bá wọn wo ojú ni. Pé kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ bímọ ní Ìlọrin gbé báàgì, kó kọjá lọ sọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ohùn mi sì le ju bó ṣe yẹ kó le sí òbí lọ.

Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni ìjọ àwọn òbí mi. Ẹ lè ti rí àwọn ọ̀dọ́ wọn lójú títì, méjì méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, orúkọ wọn lára pátákó dúdú kékeré láyà. Láti ọdún 2012, ọmọkùnrin lè lọ bó bá ti pé ọdún 18, ọmọbìnrin bó bá ti pé 19, kí wọ́n tó sọ tàwọn ọmọbìnrin náà di 18 lọ́dún 2025. Àwọn àgbàlagbà tọkọtaya tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì náà ń lọ, àwọn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ sí. Àwọn kan ń lo oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn ń lò tó oṣù 23, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì ń ná. Wọn kì í sábà kan ilẹ̀kùn kiri bíi tàwọn ọ̀dọ́. Iṣẹ́ tí kálukú wọn fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe títí tó fi dàgbà ló ń gbé lọ.

Àgbà tọkọtaya ló ṣí ọ̀nà ìjọ náà ní Nàìjíríà pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Edwin Cannon àti Janath ìyàwó rẹ̀, dé láti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, wọ́n ri èèyàn 19 bọmi ní ìpínlẹ̀ Imo. Ẹni àkọ́kọ́ ni Anthony Obinna, olùkọ́ kan tó ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n máa bọ̀. Ní oṣù kejìlá, wọ́n ti ń ri èèyàn bọmi ní Gánà náà. Bàbá fẹ́ràn ìtàn yìí débi pé, bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé àwọn ni wọ́n gbé àpótí àwọn òyìnbó náà sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀.

Mo máa ń fi èyí wé àwọn míṣọ́nnárì tí a bá ìtàn wọn ní Kwara. Ọ̀dọ́ ni àwọn yẹn. Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham tí wọ́n dá iṣẹ́ míṣọ́n SIM (Sudan Interior Mission) sílẹ̀ ní 1893 kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans ti kú, Kent náà ti kú sí Bida. Ó di 1902 kí wọ́n tó ní ibùdó àkọ́kọ́, ní Pàtígi tiwa yìí. Ọ̀dọ́ tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó yé mi, torí ọ̀dọ́ kò mọ ohun tó wà níwájú tó máa pàdánù. Àgbà mọ̀ ọ́n. Àgbà mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ tí òun fi sílẹ̀, ó mọ ẹni tó lè kú kí òun tó dé.

Ẹni tó gba àwọn òbí mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ tí mò ń rò ni Bàbá Alhaji, ẹ̀gbọ́n Bàbá. Bí ẹbí Ọ̀ffà púpọ̀ ṣe rí ni tiwa náà rí: bí wọ́n ṣe ń kírun ní ìyẹ̀wù kan ni wọ́n ń kọ orin ìyìn ní èkejì. Mo ti rò pé Bàbá Alhaji ni wọ́n máa bá mi sọ fún wọn pé kò bójú mu. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Nígbà tí èmi fẹ́ lọ Mẹ́kà, ta ló sunkún? Ẹ̀ ń dáwó fún mi ni. Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí àbúrò mi lọ jíṣẹ́ Ọlọ́run tó gbà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi owó sínú àpòòwé fún Bàbá. Ẹnu mi wọhò.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ Kumasi, tí Bàbá kò fi kún un lọ́jọ́ náà. Kumasi ni wọ́n bí Màámi sí.

Àwọn ará Ọ̀ffà tó ti dàgbà kò nílò àlàyé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé tí kò ní ẹni tó ṣòwò ní Gánà rí, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ ni ìyá Màámi ń tà lọ́jà ńlá Kumasi, Asawase ni wọ́n ń gbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Màámi. Wọ́n gba Tógò kọjá, wọ́n gba Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, lórí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ọmọ márùn-ún lórí ẹrù aṣọ tí wọn kò rí tà. Ìyá àgbà kò padà débẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n ní Kumasi, wọ́n ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ ogbó wọn. Mo gbọ́ ọ ní kékeré, mo rò pé oríkì ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022.

Mo bímọ ní oṣù kẹta ọdún 2023, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Ìyá ọkọ mi wá láti Ajásẹ́, wọn kò sì fi nǹkan kan dù mí. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n gbé ọ̀gì kaná, wọ́n dìde sí i lóru. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mo máa sọ ọ́ níbikíbi. Àmọ́ nígbà tí ọgbẹ́ abẹ ń dùn mí lóru, orúkọ tó ń wá sẹ́nu mi kì í ṣe tiwọn. Màámi ń pè mí lórí WhatsApp láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọkọ mi gbé fóònù sókè kí wọ́n lè rí wa. Màámi sọ orúkọ tiwọn lọ́mọ, gbogbo ilé ṣe àmín, nẹ́tíwọ̀kì já. Mo wọ yàrá lọ, mo sọ fún wọn pé ọmọ fẹ́ mu ọmú.

Oṣù méje ni mo fi bínú. N kò bú wọn. Bí wọ́n bá pè, mo máa gbé e, mo máa dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo máa sọ pé ọmọ wà dáadáa, mo máa ní káàdì fẹ́ tán. Màámi tó bí mi mọ̀ pé káàdì kò fẹ́ tán. Ọkọ mi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbẹ̀yìn, ó ní kí n gbé ọmọ lọ kí n lọ fojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ilé alájà méjì ni wọ́n ń gbé, fúláàtì mẹ́rin, tọkọtaya mẹ́rin. Tọkọtaya kan wá láti Idaho, àgbẹ̀ tó ń gbin ọ̀dùnkún òyìnbó. Èkejì wá láti Utah, ọkọ ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Gánà láti Cape Coast. Àwọn òbí mi ni ẹ̀kẹrin. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni tábìlì wọn: lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni ike oògùn wà, èyí tí wọ́n pín sí ojú méje fún ọjọ́ méje. Ẹ̀rọ ìwọnfúnpá kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á kó jọ sí fúláàtì kan, nọ́ọ̀sì á máa we ọ̀já rẹ̀ mọ́ wọn lápá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ iye tó jẹ́ sókè, wọ́n á bá ẹni tí tiẹ̀ bá ga wí pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbàdúrà. Bí mo ṣe rí wọn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tí Bàbá mi ká apá aṣọ sókè tí wọ́n ń dúró de àyè tiwọn, omi bọ́ lójú mi. N kò tíì ronú rẹ̀ rí pé àwọn náà ń bẹ̀rù àìsàn lókèèrè.

Gbogbo míṣọ́nnárì ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní Alàgbà, láti orí ọmọ ọdún 18 títí dórí Bàbá mi. Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Ọmọkùnrin Ìbàdàn kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wọn, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti pe Bàbá ní orúkọ tí wọ́n ń pe òun náà. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Alàgbà." Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó kù rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní Bàbá Alàgbà, láìmọ ohun tó túmọ̀ sí.

Iṣẹ́ omi ni wọ́n gbé lé Bàbá lọ́wọ́, ọdún 31 ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ omi ìjọba ní Ìlọrin. Ìjọ ti bá àwọn abúlé kan gbẹ́ kànga onípọ́ǹpù, Bàbá àti àgbẹ̀ Idaho ni wọ́n ń lọ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìgbìmọ̀ omi abúlé, wọ́n kó nǹkan pọ́ǹpù kalẹ̀ sórí àpò, wọ́n ń ṣàlàyé bí ẹni ń pa ìtàn. Wọ́n ní pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní India Mark II lágbára, ó ń fa omi tó jìn, ṣùgbọ́n bí wáṣà rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ bá jẹ, ó di dandan kí wọ́n fa gbogbo páìpù jáde pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ti Afridev yàtọ̀: ọ̀pá inú rẹ̀ ṣe é fà sókè láìtú páìpù, àwọn obìnrin abúlé fúnra wọn lè pààrọ̀ wáṣà kí wọ́n tó se oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá wá bi wọ́n léèrè ẹni tó ń kó owó wáṣà pa mọ́. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá kò bá wọn wí. Wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà.

Nínú ọkọ̀, mo sọ fún Bàbá pé mo rò pé wọ́n á tún pọ́ǹpù náà ṣe ni. Wọ́n ní, "Mo lè tún un ṣe láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn tí mo bá ti padà sí Ọ̀ffà ńkọ́? Àkókò ni mo ní tí ẹlòmíì kò ní. Mo lè padà wá lẹ́ẹ̀mẹwàá." Ìgbà náà ni mo rí ìdí tí wọ́n fi ń wá àgbà. Ọ̀dọ́ máa ń kánjú kí iṣẹ́ náà parí lójú òun.

Ìyàwó àgbẹ̀ Idaho ni mo sún mọ́ jù. Ara fíríìjì rẹ̀ kún fún àwòrán, ọmọ-ọmọ 14, ọjọ́ ìbí wọn lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú wọn, ó ti kúrò nílé kí wọ́n tó bí wọn, nínú ìrìn àjò méjì tí wọ́n ti lọ. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ bínú. Ó ní ọ̀kan ṣì ń bínú. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí ọmọkùnrin tòun lọ míṣọ́n láyé ìgbà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún péré ni wọ́n ń gbà kí àwọn ọ̀dọ́ pe ilé lórí fóònù, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ àwọn ìyá. Ọdún 2019 ni wọ́n tó yí i padà sí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní obìnrin kan tí òun kò rí rí ló tọ́jú ọmọ òun nígbà tó ṣàìsàn nílẹ̀ òkèèrè. Ó ń gbọ́n eruku ara àwọn àwòrán náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ń tún wọn tò.

Ti Màámi ni kí n wá sọ. Fúláàtì àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń lọ wò kiri, bóyá asẹ́ omi wọn mọ́, bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn wọn kò ya, bóyá wọ́n ń jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ibà gbé ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 19, ó bì títí. Wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, Màámi jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀, wọ́n ń fi ṣíbí kékeré fún un ní ọ̀gì. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ mi léjìká. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni mò ń wò yẹn.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo sọ ọ́. Mo ní, "Màámi, ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń ṣe èyí fún. Èmi ńkọ́?" Ohùn mi gbọ̀n.

Wọ́n jókòó. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn kúrò ní Kumasi lọ́dún 1969, ìyá àwọn ti jáde láti òru, wọ́n lọ ń sin gbèsè. Obìnrin Asante tí wọ́n jọ ń gbé ògiri kan ló wọlé, tó pọn omi, tó wẹ àwọn márààrún níkọ̀ọ̀kan, tó fi òróró pa wọ́n lára, tó wọ aṣọ méjì méjì fún wọn torí ọ̀nà jìn. Wọ́n ní obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ kan títí tó fi wẹ̀ wọ́n tán. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mí lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rántí."

Mo fẹ́ sọ pé gbogbo ìbínú mi tán níbẹ̀. Kò tán. Mo sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo lé wọn ní Gánà, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo ń san án. Màámi ní òótọ́ ni mo sọ. Wọn kò gbèjà ara wọn. Àwa méjèèjì sunkún, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún torí ó rí wa. Títí dòní mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti sún ìrìn àjò náà síwájú ní ọdún kan. Mo sì gbà pé ohun tí wọ́n lọ ṣe yẹ ní ṣíṣe. Méjèèjì wà lọ́kàn mi pọ̀, n kò wá bí ọ̀kan ṣe máa lé èkejì jáde mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n mú mi lọ sọ́jà Kejetia. Èdè Twi ti ń padà sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n Twi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ìyá onílẹ̀kẹ̀ kan rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìyá àgbà yìí ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn bí àgbà ṣe ń sọ ọ́. A rí wàrà lọ́dọ̀ obìnrin Fúlàní kan, wàrà Ìlọrin gan-an, ewé bomubómu kan náà ni wọ́n fi ń mú un dì, wagashi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní ìsọ̀ tó tẹ̀lé e, ọṣẹ dúdú wà nílẹ̀ gègèrè. Màámi béèrè orúkọ rẹ̀, ọlọ́ṣẹ ní alata samina, ọṣẹ àwọn Aláta. Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá láyé àtijọ́, àdúgbò kan tiẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní James Town ní Accra. Màámi fi ọwọ́ lé àyà, wọ́n ní àwọn ni Aláta, Kumasi yìí ni wọ́n sì bí àwọn sí. Ọlọ́ṣẹ wò wọ́n, ó fi ọṣẹ kan lé e. A wá ilé Asawase náà lọ, a kò rí i. Ibi tí Màámi rò pé ó wà, wọ́n ń tún fóònù ṣe níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n padà dé. Ọmọ mi ti ń rìn. Ó ti gbàgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a lò ní Kumasi, bẹ́ẹ̀ fóònù ló mọ ìyá ìyá rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n na ọwọ́ sí i, ó sá, ó lọ gbé fóònù mi wá fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màámi ní kí n bá àwọn gbé omi kaná. Wọ́n wọ ilé ìwẹ̀ mi ní Táńkẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí tí mo ti rà láti ìgbà oyún, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọṣẹ aláta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú ọ̀rá tó bá a wá láti Kejetia. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di yẹ̀rì mi mú. Ó wo omi, ó wo ẹsẹ̀ wọn. Màámi kò pè é. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin kan ní Twi, orin ọmọdé, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ní gbogbo ìgbà tí mo ti dáyé. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé omi náà ń tutù, mo lọ gbé kẹ́tùlù, mo bu gbígbóná kún un.